Ọmọ Òṣómàáló

Ọyẹ́ ń jà n'Íléṣà, ètè gbogbo ènìyàn ń bó,
èmi nìkan ni mo sùn sórí sìmẹ́ńtì,
òógùn rin ìrọ̀rí mi gbingbin bí aṣọ tí wọn kò fún.
"Ibà ni," ni wọ́n wí. Wọ́n kọ oògùn ibà.
Lẹ́ẹ̀kejì, ibà.
Lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà ò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Màmá, ọjọ́ orí ni. Ẹ máa lọ sílé."

Ilé wo?
Bàbá mi gba gbèsè aṣọ lórí ìlóṣòó, títí dé Ìlọrin.
Mo ká ìró mi sáàárín ẹsẹ̀,
mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ọ̀sán pọ́n. Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí jáde,
òun náà lóṣòó tì mí,
ó rọra béèrè:
"Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?"

Mo la ẹnu. Ọdún mẹ́ta ló jáde.