Èkù Ọ̀bẹ

Aago méjì òru nilé-iṣẹ́ ẹran Nebiráskà máa ń jọ̀wọ́ yín, bàbá.
Ẹ ó wọlé tòórùn-tòórùn, ẹ̀jẹ̀ àti ọṣẹ,
ìka ọwọ́ ọ̀tún yín á ká kò
bí ẹni tó ṣì di nǹkan mú,
ìyá á fi omi gbígbóná tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo máa ń díbọ́n pé mo ti sùn.
Mò ń kà wọ́n lábẹ́ aṣọ ìbora.
Ìka kẹrin kì í fẹ́ gbọ́.

Ọ̀bẹ yín ló se ọbẹ̀ wa.
Ọ̀bẹ yín ló ra ìwé tí ẹ ò lè kà:
ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn bébà rẹ̀, ẹ ní, "Ó dáa."

Lọ́jọ́ tí mo dé yunifásítì l'Ómáhà
fọ́ọ̀mù bi mí: ìwé mélòó ni òbí rẹ kà?
Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gba Eusébíò Tzoc,
ìwé mẹ́ta lórí òkè Totonikapáàn;
kò gba ọgbọ̀n màlúù ní wákàtí kan.
Mo kọ "kò sí."
Títí dòní ó ń dùn mí pé mo kọ "kò sí."

N kò mọ̀ pé èèyàn lè kan ilẹ̀kùn ọ̀jọ̀gbọ́n.
Ọdún kan gbáko ni mo fi fọ ìgò ní yàrá ìwádìí,
àfìgbà tí ìyáàfin Halvorsen ní, "Jẹ́ n wo ọwọ́ rẹ,"
ló bá fi mí jókòó ti ẹ̀rọ tó ń gé kókó.

Kókó ọyàn ni. Wọ́n ti rì í sínú ìda, ó le bí ọṣẹ.
Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ, abẹ gé e,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èèpo àlùbọ́sà nípọn jù ú lọ.
Ó léfòó lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́,
mo fi gíláàsì gbà á nísàlẹ̀.
N kò mí.
Nọ́ńbà ni orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ẹni tó ni ín.
Àǹtí Kandelária ni mo rí,
tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nídìí ẹran,
tó ní òun ó rí dókítà bí ọdún bá parí,
torí ẹni pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ilé ló ń lọ.
Ọdún parí.

Ẹ pè mí lọ́jọ́ Àìkú. "Kí gan-an lò ń ṣe níbẹ̀?"
Mo wá orúkọ rẹ̀ nínú èdè Kichè, n kò rí i.
Mo ní, "Ẹran ni mò ń gé, bàbá. Bíi tiyín."
Ẹ dákẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ wá bi mí
ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò bi mí rí:
"Ta ló ń bá ọ pọ́n ọ̀bẹ?"

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
Igba ègé ni mo gé lónìí,
kò sí ọ̀kan tó sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́.
Mo ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, mò ń tú ìka.
Ìka kẹrin, ẹ ò rí i,
tiyín ni.