Irin Tútù

Wọ́n ní ká kó àwọn àgbà wá sí Láfẹ́nwá
wá wo ọkọ̀ ojú irin tí àwọn wẹ́dà Ìta-Òṣìn rọ,
àwòkọ èyí tó kọ́kọ́ rú èéfín kí Olúmọ
láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé.
Mo wọ bàtà fún Bàbá. Ẹsẹ̀ ti wú, okùn ò kájú rẹ̀.
Mo mú fìlà àrán wá; ó kọ̀ ọ́.
Fìlà kákí ló ní òun fẹ́,
èyí tí kòkòrò ti jẹ létí.

Wọ́n kun ọkọ̀ náà ní dúdú, wọ́n fi pupa gbá a létí.
Dúrọ́ọ̀mù epo mẹ́fà ni ikùn rẹ̀,
ihò èéfín rẹ̀, páìpù omi ìjọba ni,
èyí tí omi ò gba inú rẹ̀ kọjá rí.
Jẹnẹrétọ̀ sá pamọ́ sábẹ́, ó ń wúkọ́ èéfín sókè.
Inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni fèrè ti ń ké.
A pàtẹ́wọ́. Kí la ó ṣe?

Ṣógbèsan, ọ̀gá wẹ́dà, òógùn bò ó lójú,
ó sáré wá dọ̀bálẹ̀:
“Bàbá Fáyámàn, ẹ wò ó. Ṣé ó jọ ọ́?”

Bàbá ò fọhùn.
Ó na ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí ìka méjì ò ṣeé ká mọ́
láti ọjọ́ tí iná bú jáde ní Olódò,
ó gbé e lé ikùn irin
bí ìyá ṣe í fọwọ́ kan ọrùn ọmọ láàjìn.
“Ó tutù,”
ohun tó sọ nìyẹn.
Ojú Ṣógbèsan rẹ̀wẹ̀sì. Èmi, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà èwe wa, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé,
omi ìwẹ̀ rẹ̀ á dú bí aró.
Ìyá wa á na ọwọ́ dí wa lọ́nà:
“Ẹ má tíì dì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tutù ná.”
Èédú wà ní èékánná rẹ̀ lọ́jọ́ tó fà mí lọ sílé-ìwé.
Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin Ìyá.

Ó máa ń sọ fún wa pé ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀.
Bó bá ń gun òkè, ẹrù lẹ́yìn,
a ní: ó kù… díẹ̀… ó kù… díẹ̀…
ṣọ́bìrì ò sì gbọdọ̀ sinmi nígbà náà.
Bó bá rí afárá odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán,
mo-ti-dé-mo-ti-dé-mo-ti-dé.
Àwa ń rẹ́rìn-ín. A ṣebí àlọ́ ni.

Ọmọ ilé-ìwé kan, bàtà rẹ̀ ọ̀kan ló so,
fà á láṣọ:
“Bàbá, kí ló máa ń sọ tó bá dúró?”

Àwa mẹ́fà tó bí, kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ó bẹ̀rẹ̀; orúnkún rẹ̀ dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Ó sún mọ́ ọmọ náà létí, ó mí sí i, ó pẹ́.
Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Fèrè dákẹ́ lójijì.
Síbẹ̀ mi ò gbọ́ ohun tó wí.
Ọmọ náà kàn mi orí, ojú rẹ̀ fẹ̀.

Ká tó lọ ló pe Ṣógbèsan:
“Ilẹ̀kùn iná yẹn, òsì ni kó ṣí sí.
Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣọ́bìrì á gbá ẹ nígbọ̀nwọ́.”
Ṣógbèsan yọ ẹfun létí, ó kọ ọ́ sátẹ́lẹwọ́.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wa gun òkè Ìtòkò,
ó ń mí gúlegúle, ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá wa.
Bàbá ti sùn, fìlà ti bò ó lójú,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí itan,
kò yára, kò sì dúró.