Páálí Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Mo tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá láàárọ̀ yìí:
páálí mẹ́tàdínláàádọ́ta, kò tíì dé.
Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ń kọ gbólóhùn kan náà,
yíǹkì bíróò mi ti ń ṣá.

Oògùn yìí kúrò ní Íńdíà tòun tìwé pípé,
Gwàgwàládà la kọ sí i lára.
Ó kàn fẹ́ sọ̀ nínú bàálù kan kó wọ òmíràn
ní pápákọ̀ òfurufú ìlú òtútù kan,
kò bá wọn ná ọjà, kò bèèrè omi mu.
Aṣọ́bodè ní kó dúró.
Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan ń pariwo pé
òun ló ni ọgbọ́n tí wọ́n fi pò ó.
Ṣé ayédèrú ni? Wọ́n ní rárá.
Ṣé májèlé ni? Rárá.
Ṣé ìlú yín la fẹ́ ta á sí?
Wọn ò fèsì sí ìyẹn.

Ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé rẹ kọjá lọ sílé rẹ̀,
o dá a dúró, o gba ìkòkò ọwọ́ rẹ̀,
o ní ọbẹ̀ inú rẹ̀ ń ta sánsán bíi ti ìyá rẹ.

Tàlátù Ṣekwólò ti Páíkónkórè wọlé,
igi ìdáná ṣì wà léjìká rẹ̀.
Àwọn Gbàgyí kì í gbé ẹrù lérí,
wọ́n ní ọba ni orí.
Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó mi ike oògùn ọmọ rẹ̀ sí mi létí.
Hóró mẹ́ta ló fọhùn.
“Sai yaushe?” ló bi mí.
Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Àlàmísì.
N kò mọ Àlàmísì wo.

Kògbóògùn là ń pe àìsàn yẹn nílé wa ní Ẹ̀gbẹ̀.
Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí Ìlíyà,
tó jẹ́ egungun lásán nígbà tí wọ́n gbé e wá,
tó gun máńgòrò ọgbà wa lọ́dún tó kọjá,
tó jẹ́ pé pàṣán la fi halẹ̀ kó tó sọ̀.
Àrùn náà gbọ́ oògùn. Ó gbọ́ ọ ketekete.
Bodè ni kò gbọ́.

Mo ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.
Eruku ọyẹ́ nìkan ló wà lórí pẹpẹ,
síbẹ̀ mo tún fọwọ́ tọ́ ọ láti igun dé igun.
Tàlátù ti ń lọ, igi ti padà séjìká.
Àtàláátà lòní. Mo ṣírò rẹ̀:
alẹ́ òní, àárọ̀ ọ̀la, alẹ́ ọ̀la.
Lẹ́yìn náà, Àlàmísì.