Àkọ̀ Ọlọ́wọ́ Òsì

Ṣùáràù oníbàtà, ní Ìgbọ̀nà,
gba àkọ̀ ìbọn bàbá bàbá mi,
ó gbé e símú kó tó gbé e sójú.
"Awọ màlúù ìlú òtútù."
Èékánná rẹ̀ ń tọ ojú rírán lọ:
ẹ̀rọ ló rán ẹ̀gbẹ́, ó tò bí eyín àgbàdo;
ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni,
òwú tí a fi ìda pa,
àpò kan há síbẹ̀
tí kò gbà ju kọ́bọ̀ kan lọ.

"Ọwọ́ wo ni bàbá yín fi ń jẹun?"
Ọ̀tún. Ọ̀tún ló fi ń roko,
ọ̀tún ló fi ń gbá ọwọ́ òsì mi
nígbàkúùgbà tí mo bá nà án sí àgbà.
"Wo ibi tí ìdérí kọjú sí, wo ihò bẹ́líìtì.
Ọlọ́wọ́ òsì ló ni èyí."

Nílé wa, Àjàdí jagun Bọ́mà, ó pa, ó bọ̀.
Ẹrù ló rù níbẹ̀. A mọ̀, a kì í sọ ọ́.
Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Òṣogbo
tòun tàkọ̀ òfìfo;
kò sẹ́ni tó bèèrè ìbọn,
kò sẹ́ni tó bèèrè ìbàdí tó kọ́kọ́ gbé e.

"Ṣé kí n tú àpò náà?" Abẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní kó fi ìpara pa awọ nìkan.
Nígbà tó ṣe tán, mo na òsì, mo gbà á.
Ṣùáràù wò mí,
kò wí nǹkan kan.