Àpótí Tí Kò Wúwo

Oṣù Kejì ni, ọdún 1969, ní Rimouski.
Odò tí àwa ń pè ní òkun ti dì
bí ọ̀rá ojú ọbẹ̀ àná.
Èmi àti ọkọ mi jókòó sínú mọ́tò,
à ń retí bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin.
Ìbòrí dúdú ni ojú mi ń wá ní fèrèsé.
Mo gbàgbé pé kò sí mọ́.

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kóòtù ẹlòmíràn,
apá kóòtù náà gbé ọwọ́ rẹ̀ mì.
Irun rẹ̀ rí bíi ti ọmọ
tí wọ́n gé lórí nítorí iná.
Ó ní, "Fernande ni mí,"
fún èmi tí mo pọ̀n ọ́n rí!
Ó ń tọ́ orúkọ náà wò lẹ́nu
bí ẹni ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà àyálò.

Ọkọ mi gbé àpótí rẹ̀, ó wò mí.
Kò wúwo.
Aṣọ ìnura méjì, rosárì, ìwé àdúrà,
ọgọ́rùn-ún dọ́là nínú àpòòwé,
tí Ìyá Olórí fi lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn
lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí àwọn yòókù má baà rí i.
Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.
Ẹ bá mi pín in, kí ẹ wo iye tó kan ọdún kan.

Ìyá wa kò dìde lórí àga.
Wọ́n ń bó ọ̀dùnkún, wọ́n ń bó o lọ.
Lókè orí wọn, fọ́tò ọjọ́ ẹ̀jẹ́ ṣì wà lára ògiri:
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, adé òdòdó lórí,
ọ̀kan nínú ìyàwó mẹ́jọ tí Olúwa gbé lọ́jọ́ náà.
"Kí ni kí n wí fún àwọn ará ìjọ?"
Fernande wá ọ̀bẹ kejì, ó jókòó tì wọ́n.
Wọ́n bó ọ̀dùnkún títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ ẹ́.

Aago márùn-ún ìdájí, agogo kankan kò dún,
síbẹ̀ mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó.
Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀,
bí wọ́n ti kọ́ ọ,
kí àárín ọ̀nà lè ṣófo fún Ọlọ́run.
Ó bi mí bóyá òun lè mu omi.
Àbúrò mi, omi nìyẹn.
Omi lásán.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró níwájú búrẹ́dì oríṣi mẹ́tàlá,
èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.
Ẹkún ni àbí ẹ̀rín, n kò tíì mọ̀ dòní.

Clovis Gagné ló ń ta ìṣó nílé irinṣẹ́,
fadá tó ṣe ìrìbọmi àwọn ọmọ mi,
tó wá fẹ́ nọ́ọ̀sì kan láti Matane.
Ó gbé ìṣó sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìka méjì
bí ẹni gbé oúnjẹ mímọ́.
"Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"
"Díẹ̀."
"Á máa pọ̀ sí i."
Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ìṣó kan sí i, kò gbowó rẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé ó kọ Ọlọ́run sílẹ̀.
Mo rí i lọ́jọ́ Ìsinmi, lórí ìjókòó tó kẹ́yìn,
ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Nígbà tí yìnyín ń fọ́ lójú odò, lẹ́tà kan dé:
kí ó jọ̀wọ́ dá òrùka padà.
A fi ọṣẹ sí i, a fi bọ́tà sí i.
Ìka ti wú yí i ká, bí igi tó gbé wáyà mì.
Fernande mú kálàmù,
ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà, gbọọrọ-gbọọrọ, dá wọn lóhùn:
"Ẹ wá bọ́ ọ."

Kò sẹ́ni tó wá.