Káfíńtà Ń Ka Ilẹ̀kùn

Ọ̀nà Ìjọ̀kà, l'Ákúrẹ́, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.
Ilẹ̀kùn ni mò ń kàn.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ni sìgá àti pẹ́ńsù
fi jọ gbé ẹ̀yìn etí mi kan náà.
Lọ́jọ́ kan mo ṣáná sí pẹ́ńsù.
Ẹ̀rín pa Akíndùró, ọmọṣẹ́ mi,
èmi náà rẹ́rìn-ín,
títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu mi.

Dókítà Olówókẹ́rẹ́, ọmọ tí mo lè bí,
kò bá mi jà.
Ó ya orí ènìyàn sẹ́yìn káàdì mi,
ó to ilẹ̀kùn tíntìntín sínú ọpọlọ.
"Bàbá, àlejò ni nikotíìnì.
Kí ẹ tó tú èéfín síta, ó ti kanlẹ̀kùn,
wọ́n ti ṣí i fún un, inú ilé ti dùn.
Nígbà tó wá di páálí kan lóòjọ́,
ọpọlọ yín kan ilẹ̀kùn kún ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀.
Bí kò bá wá, gbogbo wọn a máa pariwo.
Ariwo yẹn lẹ̀ ń pè ní ìyánhànhàn."

Mo ní, "Ta ló san owó pákó?"
Ó ní, "Ẹ̀yin ni. Èémí lẹ fi san án."

Háà! Èmi ń kan ilẹ̀kùn kí n lè jẹun,
àlejò kan ń kan ilẹ̀kùn nínú agbárí mi.

Ó lẹ pílásítà mọ́ mi léjìká,
fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà:
díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kán nikotíìnì sẹ́jẹ̀,
kí ilé má baà dàrú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.
Ó tún fún mi ní oògùn oníhóró.
Èyí, ó ní, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
á ṣí ilẹ̀kùn lábọ̀, kò ní ṣí i tán;
bí àlejò bá dé, á bá ẹnìkan lórí àpótí.
Mo mọ iṣẹ́ yẹn.
Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi ń há ilẹ̀kùn ni,
kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, orí mi dà bí ilé ìlagi tí wọ́n mú iná rẹ̀ lọ.
Mo wọn ilẹ̀kùn Màmá Fádaíró lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
mo tún gé e kúrú ní íńṣì méjì.
Mo jágbe mọ́ Akíndùró. Mo jágbe mọ́ ìṣó.
Lóru, àlá dé, ó mọ́ ju ọ̀sán lọ:
bàbá mi nínú oko rẹ̀ ní Ìdànrè,
ó ń fọ́ kòkó,
sìgá ló tò sínú rẹ̀ dípò èso, funfun, tútù.
"Gbà," ó ní.
Mo jí, mo ń fọwọ́ wá ìṣáná lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà. Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Mo ti ayùn bọ pákó, mo dúró.
Òórùn kan gòkè wá.
Arère! Arère tútù, tó ń rùn bí ohun tó kú!
Mo gbé pákó náà sáyà, mò ń fín in símú.
Akíndùró rò pé orí mi ti dàrú.

Dókítà ní ọpọlọ ti ń tú àwọn ilẹ̀kùn tó pọ̀ jù,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí ariwo òòlù.
"Ojú ibi tí wọ́n wà ńkọ́? Ṣé ògiri á rántí?"
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ògiri kì í gbàgbé tán, Bàbá."

Lóòótọ́ ni. Ní àná, ní Ìsọ̀lọ̀,
ẹnìkan tanná sí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
mo gbọ́ kó-kó-kó níwájú orí.
Mo sáré fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí.
Pẹ́ńsù nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi í fa ìlà,
mo gé ilẹ̀kùn mìíràn fún Màmá Fádaíró.
Lọ́tẹ̀ yìí, ó gùn jù.
Ìyẹn ṣeé gé.