Ọjọ́ Kejì Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Kútọ̀

Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri gbọ̀ngàn,
wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára:
ÌPÈNÍJÀ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ LÓDE ÒNÍ.
Mo jókòó sórí àga ike lọ́wọ́ ẹ̀yìn,
níbi tí atẹ́gùn fáànù kì í dé,
mo ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ń rò ó bọ̀.
Ìpè-ní-ìjà.
Ta ló pe ta ni níjà?

Wọ́n fún wa ní báàgì kọ̀ọ̀kan,
bírò kan, ìwé pẹlẹbẹ kan, omi inú ike.
Dókítà Fáléye ti Ìbàdàn wá,
ó tan àwòrán ìlú kan sára aṣọ:
kòtò omi ní ìdérí, ọ̀nà ní ìlà,
igi tò bí ọmọ iléèwé láàárọ̀.
Ó ní, "Kí lẹ rí níbẹ̀?"
Mùlíkátù ti ẹ̀ka owó-orí nawọ́ sókè:
"A ò rí èèyàn, sà."
A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n ó yára yí àwòrán kúrò.

Wolé-wolé ni mí, ọdún kẹtàlá rè é.
Mo mọ gọ́tà Ìtòkú bí ahọ́n ṣe mọ eyín.
Mo mọ èyí tí omi aró ti pa láró,
tí àkèré ibẹ̀ jọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.
Mo mọ ẹnu afárá kékeré ní Ṣokorí
tí tìmùtìmù kan dùbúlẹ̀ sí láti ààwẹ̀ èṣí
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde.
Mo kọ̀wé lé e lórí. Mo tún un kọ.
Fáìlì náà gun Òkè-Mọ́sàn lọ;
bóyá ó ṣì ń gùn ún.

"Ẹ kọ ìṣòro kọ̀ọ̀kan sórí bébà,
kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."
A kọ ọ́, a lẹ̀ ẹ́.
Ooru mú, gọ́ọ̀mù yọ́.
Ìdọ̀tí ló kọ́kọ́ já bọ́,
Ọ̀nà tẹ̀ lé e, Omi tẹ̀ lé Ọ̀nà.
Owó Oṣù nìkan ló di ògiri mú gírígírí.

Aago méjì kọjá díẹ̀, òjò dé.
Kò kí wa, kò forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Ṣówándé awakọ̀ yọjú, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún:
"Ẹ̀yin ọ̀gá, ọkọ̀ yín ti ń wẹ̀ o."
Kí a tó dìde, omi ti wọlé
wá gbọ́ ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀.
Àwọn kan gun àga.
Mo bọ́ bàtà, mo jáde,
mo ti apá bọ ẹnu gọ́tà dé èjìká,
mo fà, mo fà:
ike omi tí a mu láago mẹ́wàá,
mẹ́rìnlá, ìdérí wọn ṣì mọ́.

Dókítà dúró tì mí, bàtà rẹ̀ ti gbomi.
"Níbo ló yẹ kí omi yìí máa lọ?"
Mo nawọ́ sísàlẹ̀: "Ṣokorí. Ṣokorí á sìn ín dé Ògùn."
Ó yọ bírò.
Látàárọ̀ àná, n kò rí i kó kọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n pín sátífíkéètì.
Ṣóẹ̀tán lorúkọ bàbá mi;
Ṣótán ni wọ́n kọ fún mi.
Mo wò ó títí.
Ṣó tán?
Kò tíì tán.

Lọ́jọ́ Ajé mo sọ̀ dé Ṣokorí.
Tìmùtìmù náà wà níbẹ̀, koríko ti hù lórí rẹ̀,
adìyẹ kan ń yé ẹyin sí ìhà ọ̀tún.
Mo rọra gbé adìyẹ kúrò.
Mo ká ṣòkòtò.
Mo pè é níjà.